Ṣeun, pe ìyá rẹ

Olúwaṣeun, ọmọ mi,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa wa Jésù Kristi. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí ọmọbìnrin, a ó sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀. Òrùlé ilé ìdáná tí ìjì ṣí, a ti kàn án padà.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé n kò fẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti inú yàrá. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ó ti ń pè ọ́ tí o kì í gbé e, bí èmi bá sì pè ọ́, o máa ń dáhùn. Ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé iṣẹ́ iléèwé ni kò jẹ́ kí o ráyè. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ráyè gbé ìpè bàbá rẹ̀ yóò ráyè gbé ti ìyá rẹ̀. Owó oògùn tí o máa ń fi ránṣẹ́ náà ti dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn alàgbà wa, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Leipzig, ní Jámánì, pẹ̀lú yín, ni ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní o ti wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà kan tí wòlíì kan ń darí láti orí fóònù, àti pé wòlíì náà sọ fún ọ pé ègún láti ìdílé ìyá rẹ ni ó di ìwé ìgbélùú rẹ mú. Ó ní oṣooṣù ni o ń san owó irúgbìn kí ègún náà lè já, àti pé a ti kìlọ̀ fún ọ kí o má ṣe gbọ́ ohùn ẹni tí ègún náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Bí irọ́ bá ni, sọ fún mi, n ó sì bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìpè tí o kì í gbé ń jẹ́rìí sí i.

Ṣeun, ta ni ó sọ fún ọ pé à ń ra Ọlọ́run? Wittenberg kò jìnnà sí ọ. Ọkọ̀ ojú irin á gbé ọ lọ, á sì gbé ọ bọ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ní 1517, oníwàásù kan, Johann Tetzel, ń ta ìwé ìdáríjì, ìwé tí wọ́n ní ó ń mú ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, káàkiri agbègbè yẹn. Frederick tí ó ń ṣàkóso Saxony kò gbà á láyè ní ilẹ̀ tirẹ̀, ni àwọn ará Wittenberg bá ń kọjá ààlà lọ sí Jüterbog láti lọ rà á. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á na ìwé náà sí Martin Luther, àlùfáà tí ó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, pé àwọn ti sanwó, kí ni a tún ń pe àwọn sí ìrònúpìwàdà sí. Apá kan owó náà ń lọ sí ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Róòmù. Èyí tó kù ń lọ san gbèsè tí Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, jẹ àwọn Fugger, ìdílé tí ń yáni lówó, nítorí oyè. Àwọn tí ń sanwó kò mọ èyí. Nínú kókó 95 tí Luther gbé jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún náà, èyí tí mo fẹ́ kí o kà ni kókó 46, níbi tí ó ti ní ẹni tí owó rẹ̀ kò bá pọ̀ ju ohun tí ó nílò lọ gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ìtọ́jú ilé rẹ̀, kí ó má ṣe fi ṣòfò lórí ìwé ìdáríjì. Má rò pé owó oògùn mi ni mo ń fi èyí béèrè. Mo ní kì í ṣe nítorí owó.

Bí o bá dé ibẹ̀, má dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn inú ààfin nìkan bí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń ṣe. Wọ inú ilé ìjọsìn Màríà Mímọ́, níbi tí Luther ti máa ń wàásù, kí o wo ìsàlẹ̀ àwòrán ibi pẹpẹ tí Cranach yà. Mo ní i nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan. Luther wà lórí àga ìwàásù ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí Bíbélì, ó na èkejì sí Jésù tí a kàn mọ́ àgbélébùú láàárín. Àwọn ìjọ wà ní òdìkejì, ọkùnrin, obìnrin àtọmọdé. Mo wá àpótí owó títí nínú àwòrán yẹn, n kò rí i.

Ṣé o ń jẹun dáadáa ṣá? Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ebi kojú.

Ègún wo ni ó wá ń dà ọ́ láàmú? Ìsíkíẹ́lì 18 ní ọmọ kì yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ baba. Gálátíà 3 ní Kristi ti rà wá padà kúrò lábẹ́ ègún. O ti gba omi lórí ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ nígbà tí o kò tíì lè jókòó, orí apá ìyá rẹ yìí kan náà ni o sì wà. Nínú Kátíkísímù Ńlá, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí Luther kọ, ó ní bí ẹ̀rí ọkàn bá ń nini lára, èsì tí a ó fún un ni pé, "Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìrìbọmi." Ṣé wòlíì orí fóònù ni yóò fagi lé ìyẹn?

Ìdílé wo ni ó tilẹ̀ ń pè ní ilé ègún? Àwọn ará Ibesikpo, nítòsí Uyo, ni wọ́n dáwó jọ láàárín ara wọn tí wọ́n fi rán Jonathan Ekong lọ sí Amẹ́ríkà kí ó lè bá wọn wá àwọn tí yóò kọ́ wọn ní Ìwé Mímọ́. Ìrìn yẹn ni ó mú míṣọ́nnárì Henry Nau wá ní 1936, ibẹ̀ sì ni ìjọ Lutheran tí ó bí ọ ti ṣẹ̀ wá. Inú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni ìyá rẹ ti jáde. Èmi ọmọ Yorùbá ni mo tẹ̀lé e wọ inú ìjọ.

Ohun tí mo fẹ́ kọ báyìí kò rọrùn fún mi. Nígbà tí gìrì ń gbé ọ ní kékeré, tí dókítà sì ní ibà ni ó fà á, yóò lọ, n kò ní sùúrù. Mo yọ nínú owó iléèwé ẹ̀gbọ́n rẹ, mo lọ bá wòlíì kan láìjẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀. Ó wo inú omi, ó ní láti ilé ìyá ọmọ ni. Gbólóhùn kan náà, Ṣeun. Mo sanwó kí n tó gbọ́ ọ, mo sì tún san òmíràn lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ tán. Gìrì náà lọ bí dókítà ti wí, ṣùgbọ́n èmi kà á sí iṣẹ́ owó mi. Ìdí nìyẹn tí o kò fi dé Uyo rí títí ìyá-ìyá rẹ fi kú. Bí Kérésìmesì bá ti dé, ìyá rẹ á di ẹrù, èmi á wá àwáwí: mọ́tò kò dára, ọ̀nà kò dára, owó kò sí. Ìyá àgbà náà fi ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ, tí bọ́tìnnì òkè rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyókù, èyí tí ó fi hàn pé fúnra rẹ̀ ni ó rán an. Mo gbé e jù sínú ààtàn, mo sì sọ fún ìyá rẹ pé kò bá ọ mu.

Ní àkókò yẹn náà ni mo ń kọ́ yín ní kátíkísímù ní ọ̀sán Àìkú. Bí mo bá béèrè lórí òfin kìn-ín-ní pé, "Kí ni èyí túmọ̀ sí?", ẹ ó dáhùn pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́run, kí a fẹ́ràn rẹ̀, kí a sì gbẹ́kẹ̀ lé e ju ohun gbogbo lọ. Mo nà ọ́ lọ́jọ́ kan nítorí pé o fo "fẹ́ràn". Èmi tí mo mú pàṣán dání yẹn, ìyá arúgbó kan ní Uyo tí kò ṣe mí ní nǹkan kan ni mo ń bẹ̀rù ju Ọlọ́run lọ.

Nítorí náà, n kò lè bá ọ wí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n n ó bá ọ wí. Má san owó yẹn mọ́. Lọ bá pásítọ̀ kan ní Thomaskirche tàbí Nikolaikirche, àwọn ilé ìjọsìn Lutheran ní Leipzig níbẹ̀, sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ fún un, kí ó sì kéde ìdáríjì fún ọ. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí ìwé ìgbélùú bá falẹ̀, wá agbẹjọ́rò. Má fi ìyá tí ó bí ọ dí àlàfo ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò tíì fọwọ́ sí. Ìwà òmùgọ̀ ni, ọ̀dọ̀ mi ni o sì ti jogún rẹ̀.

Ìyá rẹ kò tíì mọ̀ nípa ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo fẹ́ sọ fún un kí ìrìbọmi ọmọ tuntun yìí tó dé, nítorí mo fẹ́ kí a gbé ọmọ náà lọ sí Uyo. Bí ó bá bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìwọ ṣáà pè é kí ó tó di ìgbà yẹn, kí ó má baà jẹ́ ọjọ́ kan náà ni yóò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe àti ìdí tí ọmọ rẹ̀ kò fi dá a lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó sì pọ̀ tó. Má fi owó ránṣẹ́ nítorí lẹ́tà yìí. Ní Sátidé, ìyá rẹ máa ń ti ìpàdé àwọn obìnrin dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà yẹn ni kí o pè é.