Ewé tó ń pa eṣinṣin kì í ṣe àjẹ́ o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Fídíò kan ló ń jà ràn-ìn lórí Wọ́sáàpù àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó báyìí, ewé kan ló la ẹnu sílẹ̀, eṣinṣin bà lé e, ló bá pa ẹnu dé gbì, làwọn èèyàn bá ń kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àjẹ́ ni, ẹnì kan tiẹ̀ ní ká lọ máa gbàdúrà sóko wa (mo mọ ẹni náà, kò ní oko kankan). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e jáde pé àìní ló sọ ewé yẹn di ọdẹ.

Venus flytrap ni wọ́n ń pè é, apá Carolina ní Amẹ́ríkà ló ti ń hù fúnra ẹ̀, ní ilẹ̀ olómi tí kò lọ́ràá rárá. Irun wẹ́wẹ́ wà nínú ewé ẹ̀, tí kòkòrò bá kàn án lẹ́ẹ̀kan kò ní mira, àfi tó bá tún kàn án láàárín nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 20, torí kó má baà máa pa ẹnu dé lásán nítorí pàǹtí tó já lù ú. Tó bá ti mú un tán, á tu omi kan sí i lára, kòkòrò á yọ́, ewé á fà á mu.

Ẹ má rò pé bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń wá ẹ̀bà ló ṣe ń wá eṣinṣin o. Atẹ́gùn àti omi ni ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko, títí kan ewé yìí, fi ń ṣe oúnjẹ ara wọn, oòrùn ló ń bá wọn sè é. Bàbá kan tó ń jẹ́ van Helmont, ó ti lé ní 350 ọdún, gbin igi kan sínú ìkòkò fún ọdún 5, igi yẹn wúwo kọjá kílò 70, erùpẹ̀ inú ìkòkò ò fi gíráàmù 60 dín, ìyẹn ni pé kì í ṣe erùpẹ̀ ni igi yẹn jẹ tó fi wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba tí igi ń mú nínú ilẹ̀ yẹn náà ló ṣòro o, pàápàá náítírójìn, òun ni 15 àkọ́kọ́ tó wà lára àpò fatiláísà 15-15-15, òun náà sì ni ewé yẹn ń wá lára eṣinṣin.

Àwa ńkọ́? Òjò ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń fọ náítírójìn lọ lábẹ́ pákí tá a fi ń ṣe gaàrí, a tún wá ń dáná sun koríko àti ewé tá a bá ro, èéfín ni náítírójìn inú ẹ̀ ń bá lọ, eérú lásán ló kù, lẹ́yìn náà ká wá máa sáré ra fatiláísà tó wọ́n bí ojú. Ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sáàárín pákí yín. Ẹ fa ẹ̀wà kan tu, ẹ máa rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò ẹ̀, ẹ là á, tínú ẹ̀ bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ á jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń mú náítírójìn látinú atẹ́gùn, ọ̀fẹ́ ni.

Olóòtú, ẹ bá wa bẹ àwọn olùkọ́ àgíríkì ní Fásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ kí wọ́n máa kọ nǹkan sí pépà yín, kí wọ́n sì sọ ibi tí àgbẹ̀ ti lè gbé erùpẹ̀ oko ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò àti iye tó máa ná an.

Èmi òǹkàwé yín,
Àgbẹ̀ kan, Ìjẹ̀bú-Igbó