Màmá, tíkẹ́ẹ̀tì tààrà ni kí ẹ jẹ́ ká rà

Atlanta, Amẹ́ríkà,
Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ara yín le? Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Oyún ti wọ oṣù kẹjọ, ojoojúmọ́ ló ń ka iye ọjọ́ tó kù kí ẹ dé.

Bọ̀ọ̀dá sọ fún mi pé ẹ ní kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Lọ́ńdọ̀nù, torí owó rẹ̀ wálẹ̀. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti Ìkẹjà sí ibí tààrà, ó lé ní 9,300 kìlómítà. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó tó máa ń mú kí ẹ̀yìn ro yín yẹn, ó ju 70 irú rẹ̀ lọ. Tó bá wá gba Lọ́ńdọ̀nù, á di nǹkan bí 11,700. Lọ́ńdọ̀nù ò sí lójú ọ̀nà wa rárá; apá àríwá ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé yín lọ, kí wọ́n tó ṣẹ́rí sí ìwọ̀ oòrùn. Ìyẹn ṣì kéré sí ìdúró àárín ọ̀nà. Nígbà tí mo ń bọ̀ lọ́dún tó kọjá, bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó gbéra. Ìgbà tí mo sáré dé ẹnu géètì, mo ń wo èkejì láti ojú fèrèsé bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn lọ. Orí àga irin ni mo sùn, mo fi báàgì rọrí. Wákàtí 31 ni mo lò kí n tó kan ilẹ̀kùn ilé mi. Èmi tí ara mi ṣì le nìyẹn o. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, tí ẹ sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń kọ́?

Tààrà ò ju bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Tí ẹ bá ń padà, á fi bíi wákàtí kan dín, torí láti ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún ti máa ń fẹ́: tí ẹ bá ń bọ̀, ó ń dojú kọ bàálù, tí ẹ bá ń lọ, ó ń tì í lẹ́yìn. Ká ní ẹ gbéra lágogo 11 alẹ́ nínú oṣù Kejìlá, 11:30 àárọ̀ ni aago ọwọ́ yín máa wí nígbà tí ẹ bá balẹ̀, ibí á sì ṣì jẹ́ 5:30 ìdájí. Ẹ má yí aago náà o, òun la máa fi mọ ìgbà tí ẹ máa lo oògùn. Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn wà, kì í ṣe inú àpótí. Ẹ sì máa dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, torí ẹsẹ̀ máa ń wú lókè yẹn.

Òtútù ti dé. Mo ti ra súwẹ́tà nípọn kan fún yín, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà báyìí.

Mo fi owó tó kù ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá lánàá. Kí wọ́n ra ti tààrà.

Ọmọ yín,
Àkànní