Ẹ kọ́ àwa tí à ń darí ẹgbẹ́ ọmọdé níṣẹ́, ẹ yéé pín fílà fún wa

Sí Olóòtú,

Okun o. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò, mi ò sì ní fi bò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pe àwa tí a yọ̀ǹda ara wa láti máa darí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí. Láti Ìsánlú ni mo ti lọ, ẹni tó bá sì mọ ojú ọ̀nà yẹn kò ní bi mí bí ẹ̀yìn mi ṣe rí nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo sọ fún oníbàárà tó fẹ́ gba aṣọ ìsìnkú pé kó ní sùúrù, mo lọ. Kí ni wọ́n wá kọ́ wa? Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dúró ya fọ́tò.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Ọ̀sán ti pọ́n kí àwọn ọ̀gá tó dé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn, wọ́n ń ka oyè ara wọn láti òkè dé ilẹ̀, ẹni tí wọ́n bá gbàgbé, wọ́n á tún padà sẹ́yìn lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́ gbé kọ̀ǹpútà síwájú, ó kọjú sí ògiri, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì, wàrà wàrà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Màmá kan láti Bùnú tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi, ó ní, “Ìyá oníránṣọ, kí ló ní ká máa ṣe fún àwọn ọmọ ọ̀hún?” Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un. Kò pẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ kú, bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n pín fílà àti tí-ṣẹ́ẹ̀tì, a buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì (ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó wà fún), ìrẹsì kò kárí, oníkálukú bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ ó kàn gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti dá àwọn olùdarí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Wọn ò kọ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde nìyẹn. Wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ lé wa lọ́wọ́, wọn ò sì kọ́ wa. Ohun tí àwọn aláṣẹ wa gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá ti tó bímọ ti tó darí ẹgbẹ́ ọmọdé. Irọ́ ni. Mo bí ọmọ, mo tọ́ wọn, síbẹ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Sátidé kan, tí gbogbo wọn ń wò mí, mi ò mọ ohun tó kàn ju kí n máa wàásù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Nígbà kan tí wọ́n ṣe ìdíje láàárín àwọn ẹgbẹ́, wọ́n fi mí sára àwọn tó máa yẹ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ wò. Ìwé yìí ni ọmọ tó ń sin adìẹ gbọ́dọ̀ máa kọ nǹkan sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: oúnjẹ tó rà, iye tó rà á, ẹyin tó kó, adìẹ tó kú àti ohun tó pa á. Wọ́n kó ìwé ẹgbẹ́ kan dé iwájú mi. Mo ṣí àkọ́kọ́, ó mọ́ tónítóní. Mo ṣí èkejì, ìkọ̀wé kan náà ni. Ẹ̀kẹta, bírò kan náà, “7” tí wọ́n fa ìlà sí láàárín náà nìyẹn. Àwọn adìẹ gbogbo ọmọ náà sì ń yé iye ẹyin kan náà lọ́jọ́ kan náà! Mo pe ọmọbìnrin kan, mo ní, “Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń ta oúnjẹ adìẹ báyìí?” Kò wo ìwé, kò wò mí, olùdarí rẹ̀ ló ń wò.

Èèyàn lè ní olè ni ọkùnrin yẹn. Kì í ṣe olè. Tòru-tòru ló jókòó kọ gbogbo ìwé wọ̀nyẹn kí ojú má baà ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un rí pé ọmọ ló ni ìwé, àti pé ìṣirò tí ọmọ ṣe tí kò tọ̀nà sàn ju èyí tí àgbàlagbà ṣe fún un tó tọ̀nà lọ. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn, ọjọ́ kìíní ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ fún un. Wọn ò kọ́ ọ.

Àwọn tí a ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn kò fi ṣeré bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 4-H ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Ohio ló ti gbérasọ ní 1902, lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ A. B. Graham. Ohun tí wọ́n rí nígbà náà ni pé àwọn àgbẹ̀ tó ti dàgbà kì í fẹ́ gbọ́ ti irúgbìn tuntun àti ọ̀nà tuntun, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbin àgbàdo tirẹ̀ sí ebè díẹ̀ tó sì ta ti bàbá yọ, bàbá á yọ́ wá bèèrè. Tó bá jẹ́ olùdarí ló gbin àgbàdo ọ̀hún fún ọmọ, kí ló kù níbẹ̀? Nígbà tí wọ́n ṣòfin ní 1914 pé kí àwọn yunifásítì máa rán òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ lábúlé, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí náà ló wá ń kọ́ àwọn òbí tó yọ̀ǹda ara wọn bí wọ́n ṣe ń darí ọmọ. Àwọn Síkáòtù ńkọ́? 1907 ni wọ́n kọ́kọ́ kó ọmọ lọ sí àgọ́ ní Ìlú Ọba. Nígbà tó fi di 1919, wọ́n ti rí i pé àgbàlagbà gan-an ló ń fẹ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì ṣí ọgbà Gilwell lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù fún un. Nínú àgọ́ ni àwọn àgbàlagbà yẹn ń sùn, wọ́n ń dáná, wọ́n ń pín ara wọn sí ọ̀wọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń ka ara ògiri fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé àwọn àgùnbánirọ̀ wà. Láti 1973 ni wọ́n ti ń rán wọn wá, ọ̀pọ̀ wọn ló sì dára, ká má parọ́. Àgùnbánirọ̀ ló dá ẹgbẹ́ tiwa gan-an sílẹ̀, ọmọ Delta ni, ó mọ iṣẹ́, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún pé, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi tì í kó máa wo ohun tó ń ṣe. Wọ́n kàn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé, “Ìyá oníránṣọ, ẹ̀yin náà fẹ́ràn ọmọdé, ẹ gbà á.” Bí mo ṣe di olùdarí nìyẹn o. Ìlú mélòó ní Yàgbà, ní Ìjùmú, ní ọ̀dọ̀ àwọn Owé ni ẹgbẹ́ ti kú bẹ́ẹ̀, tí pátákó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ilé-ìwé?

Ibi tí ẹgbẹ́ kò bá sì ti kú, yóò di kíláàsì. Olùdarí á gbé pàṣán wá. Ọmọ tó bá pẹ́ á kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Sátidé ni, pé ìfẹ́ inú ló gbé ọmọ wá, pé tó bá nà wọ́n lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á ti wà lábẹ́ igi kajú, tí wọ́n ń ṣa á tà. Wọ́n á kúkú rí owó níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí wọ́n mú wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mi ò jẹ́ gbé léèsì oníbàárà fún un lọ́jọ́ kìíní. Yóò gbálẹ̀, yóò máa wo ọwọ́ mi, yóò rán bọ́tìnnì, yóò ká etí aṣọ, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gé aṣọ, mo dúró tì í. Ẹni tó fẹ́ darí ọmọ ènìyàn ni kò wá yẹ kó kọ́ṣẹ́?

Bí mo ṣe rí i nìyí. Kí olùdarí tuntun lọ jókòó sábẹ́ olùdarí tó ti mọ̀ ọ́n ṣe fún sáà ìwé kan, ní ìlú tirẹ̀ tàbí ìlú tó múlé tì í. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni yóò jókòó sí, yóò máa kọ sílẹ̀: ọmọ wo ni kò tíì yanu láti àárọ̀? Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ta lẹ́nu? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún un ní nǹkan kékeré: kó pe orúkọ, kó darí eré, kó bá ọmọ méjì lọ wo ebè wọn. Tó bá yá, kí ó darí ìpàdé kan látòkèdélẹ̀, kí olùdarí àgbà wà lẹ́yìn láìdá sí i. Ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n ti tẹnu mọ́ ọn ni ohun tó kàn: nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, kí àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Báwo lo ṣe sọ̀rọ̀ pẹ́ tó? Ìbéèrè wo lo bi wọ́n tí o fúnra rẹ dáhùn? Kí ló dé tí ìwọ lo ń ṣe alága nígbà tí àwọn ọmọ ti yan alága, akọ̀wé àti akápò wọn? Tí ojú bá ń tì í níbẹ̀, ó ti ń kọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá parí ìyẹn ni kí wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí.

Ní ti ọ̀rọ̀ oko àti ẹran ọ̀sìn, ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Kàbà ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó yọ wá kúrò lára Kwara lọ́dún 1991. Kí àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa wá bá wa lábúlé. Kí wọ́n kọ́ wa ní ìgbà tó yẹ kí adìẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹni tí a ó ké sí. Kí wọ́n là á mọ́ olùdarí kọ̀ọ̀kan létí pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oògùn apakòkòrò àti apakoríko, nítorí mo ti rí ọmọ tó gbé táńkì ìfúnkoríko sẹ́yìn láìwọ bàtà, tí olùdarí rẹ̀ ń yìn ín pé alágbára ni.

Èdè wa ni kí wọ́n fi kọ́ wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá ti wa iṣu tán, ni kí wọ́n pè wá, kí wọ́n yéé pè wá nígbà tí èpò bo oko. Kí owó ọkọ̀ tẹ ẹni tó wọ ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò ní jẹ gbé mì. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tí mo jẹ́ kí wọ́n tó kó ọmọ fún mi. Wọn ò bèèrè onídùúró, wọn ò bi baálé, wọn ò bi pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Kí onídùúró méjì wà fún olùdarí kọ̀ọ̀kan, kí àgbàlagbà kan má sì dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí ojú ò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ààbò: pẹ̀lú ohun tí ojú wa ń rí lójú ọ̀nà àti lóko nísinsìnyí, kí ẹgbẹ́ máa túká kí oòrùn tó wọ̀, kó má sì sí pé à ń kó ọmọ lọ sí oko tó jìnnà nítorí àlejò fẹ́ wò ó.

Wọ́n á ní kò sí olùdarí àgbà tí àwọn tuntun máa kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó wà. Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ Bọ́ìsì Brigédì àti Gáàlì Gáìdì ní àwọn ìjọ wa tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é, tí irun orí wọn ti funfun síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Mọ́pà, ní Ẹ̀gbẹ́, ní Ìyàrá. Kí wọ́n lọ bẹ̀ wọ́n.

Bí ọ̀gá kankan nínú wọn bá sì fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, àárọ̀ Sátidé là ń pàdé lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó má kó èrò lẹ́yìn, kó sì gbé àga tirẹ̀ wá, torí àwọn ọmọ ló ni bẹ́ǹṣì.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá oníránṣọ, Ìsánlú