Aáṣáà kì í ṣe oògùn ásímà

Sí Olóòtú,

Ọyẹ́ ti tún dé, àwọn tó ń polówó aáṣáà ní gáréèjì Kàbà àti lọ́jà Ìsánlú sì ti tún gbé e dé: wọ́n ní aáṣáà ń wo ọ̀fìnkìn, ó ń wo ásímà. Irọ́ ni! Àwọn tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nikotíìnì inú tábà máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn sójà ara tó ń gbé kòkòrò àìsàn mì, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tú èròjà tó ń mú ara wú jáde bó ṣe yẹ. Lára eku, nikotíìnì nìkan ti dín wíwú ẹ̀dọ̀fóró kù nígbà tí eku fa ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ símú. Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n sójà tó dákẹ́ fún eruku, á dákẹ́ fún ikọ́ ife náà. Láàárín wákàtí méjì, nǹkan bí ìdajì nikotíìnì ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ni ẹni tó fa aáṣáà bá tún fa òmíràn, lẹ́búlẹ́bú tábà a sì máa ta imú fúnra rẹ̀. Ti sìgá tún burú jù: èéfín rẹ̀ ń pa irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, èyí tó ń dín wíwú kù, inú ínhélà (agolo kékeré tí alásímà fi ń fa oògùn sẹ́nu) kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹni tó ń mu ún.

Nítorí náà, kí gbogbo ilé ìwòsàn láti Kàbà dé Ẹgbẹ́ máa béèrè ọ̀rọ̀ tábà lọ́wọ́ alásímà kí wọ́n tó fi kún oògùn rẹ̀. Kí wọ́n ní kó fa ínhélà lójú wọn: kó mì ín jìgìjìgì, kó mí jáde tán, kó fi ètè bo ẹnu ínhélà náà, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, kó sé èémí fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bó bá jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, kó fi omi yọ ẹnu kó sì tu omi náà dànù, kí nǹkan funfun má baà hù sí i lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fa èémí, orí ahọ́n sì ni oògùn náà ń parí sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ní ínhélà kò ṣiṣẹ́, wọ́n á wá kọrí sọ́dọ̀ aláṣáà.

Àwọn aláṣẹ ò gbọdọ̀ máa wo aláṣáà níran mọ́. Kí wọ́n sì mú àwọn tó ń ta sìgá ẹyọ kọ̀ọ̀kan fọ́mọ iléèwé. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí tábà, ti ọdún 2015, ti kà á léèwọ̀.

Òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí