Ta ló ń gba owó ilẹ̀ igbó ọba?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lórí ohun tí ẹ kọ nípa àwọn àlejò tó ń wọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, èmi kò gbà pé wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa. Àwọn tó wá láti Benue àti Kogi wà lára àwọn tó ń ro oko kòkó wa, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi ń gun ọ̀kadà l'Ákúrẹ́.

Ti igbó ni kí á sọ. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwa ará ìpínlẹ̀ yìí ti lé ní 3,400,000. A sì ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Nínú igbó ọba Olúwa, igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, wọ́n ń gé igi ńlá lulẹ̀ láti gbin kòkó. Lóòótọ́, àlejò lè di àdá mú, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwa onílẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ìjọba kọ́kọ́ pè.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ kòkó, Ìdànrè.