Ẹ má tíì lé tẹ́ríà oníwèé kúrò lẹ́nu iṣẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá fi òwe dé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí: ajá ilé ò mọdẹẹ́ ṣe. Ó ní tẹ́ríà, ajá kékeré tó ń wọ ihò lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde, tí wọ́n bá sìn ín fún ìdíje ẹwà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó máa jókòó sórí tìmùtìmù, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Òwe yẹn ò purọ́. Àmọ́ ajá tí wọn ò mú kúrò nílé ló ń bá wí, kì í ṣe ajá tó níwèé tó ń fi ìran rẹ̀ hàn.

Ìjà yìí ti pẹ́. Àlùfáà John Russell ará Devon, ẹni tí Jack Russell ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó dá Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń fún ajá níwèé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀ lọ́dún 1873. Ó máa ń ṣe adájọ́ tẹ́ríà níbi ìdíje, síbẹ̀ kì í kó àwọn tirẹ̀ tó fi ń ṣọdẹ lọ síwájú adájọ́. Nígbà tí Kennel Club wá gba irú ajá náà wọlé lọ́dún 1990, ariwo sọ láàárín àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́, wọ́n ní ìwé ni yóò bà á jẹ́. Ìwé ò ba ajá jẹ́. Ohun tí ẹni tó ń sìn ín ò bá yẹ̀ wò mọ́ ló ń bọ́ sọnù láti ìran dé ìran. Adájọ́ á rí èjìká, á rí eyín àti irun. Kò lè mọ bí imú rẹ̀ ṣe mú tó, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe nínú òkùnkùn. Àwọn ọdẹ tiwa náà, ìyá ajá ni wọ́n ń béèrè.

Igẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń há ajá mọ́ inú ihò. Àyíká igẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ínṣì 14 lọ. Tẹ́ríà tí tiẹ̀ bá fi ínṣì méjì jù ú, ńṣe ni yóò máa gbẹ́lẹ̀ níbi tí òmíràn ti ń rìn kọjá, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débi iṣẹ́, erùpẹ̀ tó ń tì sẹ́yìn á sì dí ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn ajá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú lẹ́yìn èjìká, kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Kí àtàǹpàkò pàdé lókè ẹ̀yìn, kí àwọn ìka yòókù kan ara wọn lábẹ́ igẹ̀. Ẹ wá rọra fún un. Igẹ̀ tó dára máa ń sún mọ́ra díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Èyí tó rí roboto bí àgbá tó sì le gbagidi kì í gba ihò tóóró. Ìlànà Kennel Club fúnra rẹ̀ sọ pé ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ká Border Terrier àti Parson Russell (irú ajá Àlùfáà Russell náà), nítorí náà ẹni tó ń sin ajá fún ìdíje ò ní àwáwí kankan níbẹ̀. Ti Wire Fox Terrier yàtọ̀. Wọ́n ti jẹ́ kí apá òkè ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrú, irun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kó ẹrẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni màá ní kí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀.

Irun pẹ̀lú máa ń fa ẹ̀sùn èké. Wọ́n á ní ajá oníwèé ò lè dúró sínú òtútù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìrẹ́run ló ṣe é. Irun líle tẹ́ríà, ọwọ́ la fi ń fa èyí tó ti gbó kúrò, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Bí a bá fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ, gbòǹgbò irun òkú á ṣẹ́kù sínú awọ, irun rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ á gba ipò rẹ̀, á sì máa mu omi bíi kànìnkànìn. Ẹ bu omi ife kan dà sí i lẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Bí irun bá dára, omi á yọ̀ dànù, awọ abẹ́ rẹ̀ á ṣì gbẹ.

Ní ti ìgboyà, ẹni tó kọ̀wé sí yín ní ajá oníwèé ò le tó. Ó jọ pé ó gbàgbé òfin. Láti oṣù kejì ọdún 2005, ní England àti Wales, tẹ́ríà kan ṣoṣo lèèyàn lè fi sínú ihò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, nítorí àtidáàbò bo àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń sìn fún yíyìnbọn, pẹ̀lú ìwé onílẹ̀ lápò. Ajá gbọ́dọ̀ lé e jáde fún ẹni tó mọ ìbọn yìn, kì í ṣe kó bá a jà níbẹ̀. Ajá tó ń dúró díẹ̀ sẹ́yìn tó ń gbó láìdákẹ́ lòfin ń fẹ́. Èyí tó bá gbé ẹnu lé e yóò jáde pẹ̀lú ojú tó ti fàya, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ látòkè. Ọ̀pọ̀ Border tí wọ́n sìn fún ìdíje ní irú ìfarabalẹ̀ yẹn.

Ibi tí nǹkan ti sábà ń bàjẹ́ ni ọjọ́ orí. Àwọn tó ń lọ ìdíje máa ń dá ọmọ ajá tó dáa jù dúró títí yóò fi pé oṣù mẹ́jọ tàbí ọdún kan, wọ́n á máa wò ó bóyá yóò wúlò fún wọn. Bí kò bá wúlò, wọ́n á tà á. Ajá yẹn ò rí àgùntàn rí, kò rí adìyẹ, ilé mímọ́ nìkan ló mọ̀. Ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ ni kí ẹ mú, kí ẹ fi okùn mú un kiri láàárín ẹran ọ̀sìn kó tó pé oṣù márùn-ún. Ẹ má fi eku ńlá tó ti há sígun síwájú rẹ̀ kí eyín àgbà tó pé, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje. Bí eku bá bù ú jẹ nímú lóṣù kẹrin, ó lè máa sá fún un títí ayé. Kí abẹ́rẹ́ àrùn ìtọ̀ eku wà lára rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ sì bi àgbẹ̀ bóyá ó ti da májèlé síbẹ̀. Májèlé eku kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kí àmì tó hàn.

Ìwé tilẹ̀ lérè níbì kan. Àrùn kan wà láàárín àwọn tẹ́ríà tó ń já okùn tó di awò ojú mú, láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ, ìgbà tí ajá ti mọṣẹ́ dáadáa. Àyẹ̀wò DNA rẹ̀ wà, èsì ti ajá oníwèé sì wà lójúde níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ajá tó kàn gbé àbùkù náà lápá kan kì í ṣe èyí tí à ń jù nù. Bí ẹ bá fi èyí tí kò ní àbùkù náà rárá gùn ún, kò sí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ lápá méjèèjì.

Ó ku ìrù. Ní England, dókítà ẹranko lè gé ìrù tẹ́ríà oníṣẹ́ kó tó pé ọjọ́ márùn-ún láyé, àmọ́ èyí tí wọ́n bá gé láti April 2007 kò gbọ́dọ̀ lọ síbi ìdíje ẹwà tí àwọn òǹwòran ti ń sanwó wọlé. Nítorí náà, kí ojú ọmọ ajá tó là, wọ́n ti pín in sí ọ̀nà kan, iṣẹ́ tàbí ìdíje, èyí tẹ́ ẹ bá sì rà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ ìdíje yóò ní ìrù odindi. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́. Wọn kì í gé ti Border látilẹ̀wá, ìdí ìrù rẹ̀ sì nípọn. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀ kàn án, ẹ mú un níbẹ̀, nítòsí ara, kì í ṣe ní ṣóńṣó, kẹ́ ẹ fà á jáde.

Òǹkàwé yín,
Leeds