Lẹ́tà sí ẹni tó kọ́kọ́ to mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yìí

Òkun o. Bí a ṣe ń kí ara wa ní Kàbà níbí nìyẹn.

Mi ò mọ orúkọ yín. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá "ẹ" ló yẹ kí n máa pè yín àbí "o", torí àmì ìka tí ẹ fi sílẹ̀ lára mọ́tò ìṣeré yẹn kéré gan-an, ìka ọmọdé ni, àmọ́ nígbà tí mo wo bí páálí rẹ̀ ṣe gbó tó, tí ìwé inú ẹ̀ ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, mo mọ̀ pé ọmọ yẹn á ti dàgbà tipẹ́, ó ṣeé ṣe kó ju èmi gan-an lọ. Nítorí náà "ẹ" ni.

Ọjà Kàbà ni mo ti rí i, lọ́dọ̀ màmá kan tó ń ta tòkúnbọ̀, bàtà, báàgì, àtàwọn ohun ìṣeré ọmọ òyìnbó tí wọ́n rọ́ pọ̀ sínú àpò kan. Bèbí kan tí kò lórí ló wà lórí páálí náà. Mo rí ìràwọ̀ méjì, ọ̀kan nínú pupa, ọ̀kan nínú búlúù, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Tamiya ni, àwọn ará Shizuoka ní Jàpáànù tó ń ṣe mọ́tò kékeré tí èèyàn á fọwọ́ ara ẹ̀ tò. Màmá ní 3,000 náírà. Mi ò ná an rárá. Mo san án, mo fi páálí náà sábẹ́ apá, mo sì gba ilé lọ tààrà láì ra ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá sọ́jà.

Tyrrell P34 ni, mọ́tò eré ìje Formula 1. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ torí àwọn tó máa bá wa kà á. Táyà iwájú mọ́tò eré ìje máa ń yọ síta ju imú mọ́tò lọ, afẹ́fẹ́ á wá máa lù ú, á máa fa mọ́tò sẹ́yìn. Derek Gardner tó ń yàwòrán mọ́tò fún Tyrrell wá yọ táyà ńlá méjì iwájú kúrò, ó fi kékeré mẹ́rin rọ́pò, rímù wọn ò ju ínṣì 10 lọ, kí wọ́n lè sá sẹ́yìn imú mọ́tò, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ máa di ilẹ̀ mú. Wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1976, ó sì ṣiṣẹ́! Lọ́dún yẹn náà ní Anderstorp, ní Sweden, Jody Scheckter gbé ipò kìíní, Patrick Depailler gbé ipò kejì, àwọn méjèèjì nínú mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ South Africa ni Scheckter, òun ló tún gba ife àgbáyé lọ́dún 1979 nínú Ferrari, ọmọ Áfíríkà míì ò tíì gbà á lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tó yá àwọn tó ń ṣe táyà ò mú táyà kékeré yẹn dàgbà bí wọ́n ṣe ń mú ti ńlá dàgbà, mọ́tò náà wá rẹ̀yìn, ìgbà tó sì di 1983 òfin ti dé pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mọ́tò gbọ́dọ̀ ní. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo mọ́tò tó gba ife lọ. Ọkùnrin kan ro nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rò, wọ́n sì jẹ́ kó gbé e jáde.

Ẹ ti to bọ́dì dé ìdajì, ẹ ti kun ún ní búlúù, búrọ́ọ̀ṣì lẹ fi kùn ún torí mo rí ojú ibi tí irun búrọ́ọ̀ṣì gbà. Ọ̀dà yẹn ki. Ọwọ́ yín ti kan gúlúù kó tó gbẹ, ní ojú méjì: ọ̀kan lórí apá ẹ̀yìn níbi tí orúkọ Elf, ilé iṣẹ́ epo, máa wà, ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò. Gúlúù mọ́tò báyìí máa ń yọ́ ráúbà tí wọ́n fi ṣe é díẹ̀ kó lè so pọ̀, ohun tó bá wá tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, ó ti wà níbẹ̀ títí láé nìyẹn. Gbogbo ìlà ìka yín ló hàn kedere. Mo gbé e sábẹ́ gíláàsì tí mo fi ń wo bọ́ọ̀dù fóònù (fóònù ni mò ń tún ṣe níbí), mo sì wò ó títí.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí mò ń pè ní Bàbá, ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ hàn. Pẹ́ńtà mọ́tò ni wọ́n, mọ́tò gidi, kò sí 504 kan tó dàgbà ní Kàbà tí wọn ò fọwọ́ kàn. Lọ́dọ̀ wọn ni mo ti máa ń lo họlidé nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, omi àti sánpépà ni iṣẹ́ tèmi, mo lè fi ọjọ́ méjì ha ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí mo bá sì ní ó ti tó, wọ́n á di ojú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rà á, wọ́n á ní "ibí yìí, àti ibí yìí." Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀dà ò mọ irọ́ pa, ohun tó bá bá lábẹ́ ló máa gbé síta. Mo ti to mọ́tò kéékèèké bíi mélòó kan ṣáájú tiyín, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń fi ìyẹn ṣe, àmọ́ Bàbá ò bi mí rí. Wọ́n gbé tiyín sọ́wọ́, wọ́n ka ẹsẹ̀ ẹ̀. Márùn-ún.

Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín gan-an. Ẹsẹ̀ kan ti sọnù, kékeré iwájú lápá òsì.

Ká tó dé ibẹ̀ sha, ọ̀dà yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo ní láti bọ́ ọ. Tínà tí Bàbá ń lò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo dúpẹ́ pé mo dán an wò lára férémù tí àwọn páàtì so mọ́, kí n tó sẹ́jú ó ti rọ̀ bí ṣíńgọ́ọ̀mù, ká ní bọ́dì ni, ó ti tán. Epo bírékì ni mo padà lò, ó máa ń jẹ ọ̀dà láì jẹ ráúbà. Mo rì í sínú ẹ̀ nínú ike áísìkíríìmù, mo wọ ìbọ̀wọ́, ní ọjọ́ kejì mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, búlúù yín ń ṣí kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú mi ò dùn bí mo ṣe ń wò ó tó ń lọ. Mo dá ìwọ̀n èékánná kan sí lábẹ́ jókòó dírẹ́bà, níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i.

Àmì ìka tó wà lórí apá ẹ̀yìn, mo ha á kúrò. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín. Sítíkà Elf ló máa jókòó síbẹ̀, sítíkà kì í lẹ̀ mọ́ ojú tó bá rí gbágungbàgun, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ ẹ̀, á máa dán bíi fàdákà. Ti abẹ́ mọ́tò ni mo fi sílẹ̀, mo fín ọ̀dà lé e bẹ́ẹ̀.

Báyìí ẹsẹ̀ kẹfà. Ìdá kan nínú ogún mọ́tò gidi ni mọ́tò yìí, ínṣì 10 tí a bá pín in sí ọ̀nà 20, ìdajì ínṣì ni, rímù náà ò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò mi. Mo ra sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń dí wíńdò, mo pò ó pẹ̀lú kọ́ọ̀nfíláwà títí tó fi rí bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún ṣinṣín, mo tẹ rímù kan tó kù bọ inú ẹ̀, nígbà tó le mo yọ ọ́, mo da gúlúù Araldite sínú ihò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dà á. Èkíní ní afẹ́fẹ́ nínú, èkejì ò le dáadáa, ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, ẹ̀kẹrin ni. Táyà ẹ̀ wá dà? Mo ronú títí, kí n tó rántí pé èmi náà ti ṣe táyà rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, agolo sàdíìnì la fi ń ṣe mọ́tò, àtẹ̀lẹ̀ sílípáàsì tó ti já la fi ń gé táyà fún un, a sì ń fa á láti ilé dé odò. Mo wá sílípáàsì dúdú kan, mo gé e róbótó, mo fi í sẹ́nu dírílì, ó ń yí, mo gbé sánpépà tì í títí tó fi rí rìbìtì bí ti àwọn yòókù. Tí ẹ bá gbé e sójú oòrùn ẹ máa rí i pé dúdú ẹ̀ ò dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Àmọ́ ó dúró lórí ilẹ̀ bí ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ọ̀dà ló gba àkókò jù. Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò yẹ, ìwàǹwára ló ṣe mí. Tínà máa ń yára fẹ́, bó ṣe ń lọ ló ń mú kí ojú ọ̀dà tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá bà lé e bí ìrì, búlúù á funfun bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá ní kí n má ha á, kí n dúró de ọ̀sán tí oòrùn bá là, kí n fín tínà nìkan lé e fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìkùukùu. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, funfun yẹn sì pòórá níṣojú mi. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Èyí tó kù mo fi í sílẹ̀ di ìgbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, àmọ́ ọyẹ́ náà ní tirẹ̀, eruku, tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń kọjá á tún fi kún un. Òru ni mò ń fín in, mo wọ́n omi sí gbogbo ilẹ̀ yàrá, mo fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù fún afẹ́fẹ́, bí mo bá ti fín in tán mo da báàfù bò ó. Práímà eérú, lẹ́yìn náà búlúù ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí àkọ́kọ́ ò bo práímà rárá, ó kàn fọ́n ká lórí ẹ̀, torí tó bá ki lẹ́ẹ̀kan náà yóò jẹ ráúbà, á tún bo gbogbo ìlà kéékèèké mọ́lẹ̀.

Sítíkà yín ti pọ́n. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì wíńdò tó kọjú sí ìlà oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oòrùn sì bó o padà sí funfun. Mo fín kíríà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, lé e kí n tó rì í sómi, torí sítíkà tó ti gbó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú omi. Nọ́ńbà 4 tó wà ní imú ni mo bẹ̀rù jù, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn kíríà lórí gbogbo ẹ̀, sánpépà 2000 pẹ̀lú omi, rọ́bìn tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà dán, àti aṣọ síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, títí mo fi rí gílóòbù yàrá nínú imú mọ́tò.

Ìgbà tí Bàbá wá wò ó, wọ́n kọ́kọ́ wo wíńdò kékeré méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, èyí tí wọ́n ṣe kó lè máa rí táyà iwájú ẹ̀, mo rí i pé ó wù wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Wọ́n di ojú, wọ́n fi ìka rà á, wọ́n dúró síbi àmì ìka yín. "Ibí yìí." Mo ní ó lẹ́ni tó ni ín, mi ò lè ha á. Wọ́n ní tó bá jẹ́ mọ́tò oníbàárà ni, àwọn ò ní gbà. Wọ́n gbé e padà sórí pẹpẹ, wọ́n sì rọra gbé e.

Ó wà nínú gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń yà láti ka ẹsẹ̀ ẹ̀.

Tí táyà kékeré kan bá wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé yín tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà fún, òun ni. Ẹ má wulẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mọ́tò ẹ̀ ti parí, ó wà ní Kàbà.